Bí Ọdẹ́níran Ṣe Wá Apààyàn Ilé Wọn Dé Igbó Àìwádìí

Ẹ sún mọ́ra, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó yáa lọ bọ́jú báyìí, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní padà sẹ́yìn nítorí ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ kan wà ní Agbede-Odò, Ọdẹ́níran lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti rí ọdẹ tó ń fọ́nnu rí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Tí Ọdẹ́níran bá pa ọ̀kẹ́rẹ́ lóko, kó tó fi máa dé ojúde, ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ti di ẹfọ̀n. Á ní, "Èmi Ọdẹ́níran! Ẹkùn rí mi, ó kí mi. Erin rí mi, ó yà fún mi lọ́nà!" Ìyàwó ẹ̀ á dáhùn látinú ilé ìdáná, "Bàbá Dékọ́lá, igi ìdáná ńkọ́? Ṣé òun náà yà fún yín lọ́nà ni, tẹ́ ò fi rí i ṣẹ́ wálé?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn ọkùnrin ilé wọn kì í darúgbó. Bàbá ẹ̀ ń kọ ebè lọ́wọ́, ó ṣubú, kò dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbi ìsọmọlórúkọ, ẹnu ẹ̀ ṣàdédé wọ́ sápá kan, apá ẹ̀ já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti lọ. Ó wá ku Ọdẹ́níran àti Láoyè àbúrò ẹ̀, tó ń ṣe bíríkìlà. Láoyè náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, ojú ń ṣú u tó bá gun àkàbà, àyà ń já a pì pì pì. Tí wọ́n bá ní kó lọ fi ara ẹ̀ han nọ́ọ̀sì, á ní, "Kí ló ṣe mí? Ṣebí mo ṣì ń gbé búlọ́ọ̀kù!"

Gbogbo agboolé ti mọ ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n ní Ìyá Èrúwà ni, opó bàbá wọn, ìyàwó tí bàbá fẹ́ kẹ́yìn. Obìnrin yìí ló tọ́ Láoyè dàgbà nígbà tí ìyá tó bí i kú o, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé láti ìgbà tí bàbá ti fẹ́ kú, kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó! Iyọ̀ tá a fi ń sọmọ lórúkọ, iyọ̀ tá a fi ń wúre pé ayé á dùn, òun ló mú kúrò lẹ́nu ọkọ ẹ̀. Wọ́n ní adùn ayé ọkùnrin náà ló kó jẹ, pé àwọn ọmọ ló wá kàn. Bàbá Oyèkàn, olórí ẹbí, pàṣẹ pé kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ Ìbíwùmí, ọmọ Láoyè. Tí wọ́n bá ti lọ tán báyìí, kí Ìyá Èrúwà náà máa lọ.

Ọdẹ́níran bá a níbi tó ti ń di aṣọ.

"Ìyá, ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin ni, àbí ẹ̀yin kọ́?"

Obìnrin náà ò sunkún. "Ọmọ mi, mo búra fún bàbá ẹ, mi ò lè lanu. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí. Tí mo bá lọ, ohun tó ń pa yín ò ní bá mi lọ. Inú ilé níbí ló máa dúró sí, Láoyè ló sì ń wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọdẹ́níran lára ju ẹ̀gún lọ. Ó ní, "Ẹran tó ń jẹ oko wa, tí mi ò tíì rí ojú ẹ̀, mi ò ní torí ẹ̀ lu ewúrẹ́ aládùúgbò pa." Ó gbé ìbọn, ó mú àdá, ó di èkuru díẹ̀ sápò. Ó ní òun ń lọ sí Igbó Àìwádìí, níbi tí wọ́n ní gbogbo ohun tó ń pa èèyàn ń gbé, lọ mú apààyàn náà, òun á sì dé kí Láoyè tó ṣubú.

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn ín. Ọ̀nà ọdẹ, ọdẹ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó máa fi gbójú sókè, ó ti wà lẹ́nu igbó, igi ibẹ̀ ń mí sókè sódò bí ẹni tó sáré dé. Oníbodè kan dúró síbẹ̀. Ìpàkọ́ ni ojú ẹ̀ wà. Etí ẹ̀ kan fẹ̀ bí ewé kókò, èkejì ò sí rárá.

"Ta lò ń wá, ìwọ ẹran gbígbẹ yìí?"

"Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ ọdẹ tó na ikú ní pàṣán! Apààyàn ilé wa ni mò ń wá."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló ń jẹ?"

"Àwa ló ń jẹ!"

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí ojú ìpàkọ́ ẹ̀ fi ń ṣomi. "Ọdẹ tí ò mọ ẹran tó ń dọdẹ, ẹran ló ń dọdẹ òun fúnra ẹ̀. Wọlé, jọ̀ọ́. Inú àwọn ọ̀gá mi á dùn láti rí ẹ."

Ìlú tó kọ́kọ́ dé, ilé ibẹ̀ ò ní fèrèsé. Wọ́n mú un wọ yàrá kan tí èèyàn há sí bí ẹja inú agolo, gbogbo wọn ń wúkọ́ síra wọn lójú. Ọba ibẹ̀ jókòó láàárín, ó gbẹ bí igi, òógùn bò ó. Ikọ́-Ife lorúkọ ẹ̀. Ó ní, "Àlejò, sùn tì wá, ara wa móoru." Ọdẹ́níran ní òun ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí nílé bàbá òun. Ó fa àdá yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ògiri, ó gé e títí ògiri fi lu, oòrùn tàn wọlé, atẹ́gùn fẹ́ fììì. Ọba kígbe, "Ẹ dí i! Ẹ dí i! Ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì bí ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ sí.

Ọdẹ́níran tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ìwọ lo pa bàbá mi?"

"Dúró ná, jàre! Ṣé bàbá ẹ wúkọ́ tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ó ń làágùn lórí ẹní títí ẹní ń rin? Ṣé ó ń rù, ṣé ó ń tutọ́ tẹ́jẹ̀tẹ́jẹ̀?"

"Rárá. Bàbá mi sanra dáadáa."

"Èmi kọ́ nìyẹn. Èémí ni mò ń gùn bí ẹṣin, láti ẹnu ẹnì kan sí imú ẹlòmíì, níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún ẹ, oògùn mi wà, ó ń lé mi jáde pátápátá. Àmọ́ oṣù rẹpẹtẹ ni wọ́n máa fi lò ó. Tí ara bá ti yá wọn díẹ̀, wọ́n á jù ú nù." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́ mọ́ ọn lọ́fun. "Àwọn yẹn lọ̀rẹ́ mi! Tí mo bá padà lọ bá wọn, oògùn àkọ́kọ́ lè má ràn mí mọ́."

Ọdẹ́níran fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ó tẹ̀síwájú. Lójú ọ̀nà, ó rí àgbẹ̀ obìnrin kan tí kì í dún pinpin. Kóró tí ò tó ẹ̀gúsí ló ń gbìn, ọyàn àwọn obìnrin tó ń kọjá ló sì ń gbìn ín sí. Jẹjẹrẹ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ kan ọyàn ẹ̀, ó ní, "Kókó kékeré kan ni. Kò dùn mí." Àgbẹ̀ náà ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń ráyè dá oko." Ọdẹ́níran pariwo, "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín! Ẹ padà, ẹ lọ fi han wọn nílé ìwòsàn nísinsìnyí tó ṣì kéré!" Obìnrin náà gbé ìró ẹ̀ sókè, ó sáré padà. Àgbẹ̀ náà wo ọdẹ wa, ó pòṣé.

Ó wá dé etí odò kan tí omi ibẹ̀ dùn bí oyin. Àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ sétí ẹ̀, wọ́n ń mu, wọ́n ń dìde lọ tọ̀, wọ́n ń padà wá mu, èèrà sì ń tò lẹ́yìn ìtọ̀ wọn. Bàbá kan ń rìn bọ̀ tòun ti ìṣó gbọọrọ ní àtẹ́lẹsẹ̀.

"Bàbá, ìṣó wà lẹ́sẹ̀ yín!"

"Ẹsẹ̀ wo?" ni bàbá náà wí.

Ìyá tó ni odò jáde wá, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ohùn ẹ̀ ń dùn yùngbà. Àtọ̀gbẹ ni. "Ọmọ ọdẹ, bu díẹ̀ mu."

"Mi ò mu. Ìwọ lo pa bàbá mi?"

"Ṣé ó ń mumi tí òùngbẹ ò lọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó ń jẹun, síbẹ̀ tó ń rù? Ṣé egbò ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó san? Ṣé ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì?"

"Mi ò mọ̀."

"Bàbá tó bí i lọ́mọ ńkọ́? Torí tí mo bá ti wà nínú ìdílé, tí ikùn tún yọ, tí èèyàn ń jókòó sójú kan ṣáá, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán nìyẹn."

"Ìyá, mo ní mi ò mọ̀!"

Obìnrin náà wò ó tìyanutìyanu. "Ẹsẹ̀ ẹtu tó kọjá níjẹta, o mọ̀ ọ́n. O mọ̀ bóyá akọ ni, bóyá abo ni, bóyá ó lóyún. Àìsàn bàbá tó bí ẹ, o ò mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni. Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó gbé ìyàwó nílé ẹnikẹ́ni, àwọn àna á ti ránṣẹ́ kiri lábẹ́lẹ̀: ṣé wèrè wà nílé yẹn, ṣé wárápá wà níbẹ̀, irú ikú wo ló ń pa wọ́n? Ilé Ọdẹ́níran wá gbọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tó bá kú, wọ́n á ní ikú àgbà ni, àbí wọ́n á ní aráyé ni. Ẹnu á pa dé. Ọmọ ò ní bi bàbá.

Àtọ̀gbẹ ní, "Ẹni tó ń bì yín ṣubú láìkìlọ̀, ìlú iwájú ló wà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àìmọye ilé la jọ ń gbé. Ó dáa kó o kánjú."

Ìlú iwájú yẹn, ó dára jù nínú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó ń rù. Ara gbogbo wọn ń dán. Ọdẹ́níran tẹ orí ba, ó wá ẹsẹ̀ apààyàn nílẹ̀, kò rí. Ó gbóòórùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ aṣọ funfun gbé àga fún un, ó gbé ẹja oníyọ̀ wá, ó gbé ọtí wá, ó fi tábà lé e. Ọdẹ́níran jókòó, ó jẹ, ó mu, ó fà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ó sọ ti ẹkùn, ó sọ ti erin, ó sọ ti ọ̀kẹ́rẹ́ tó di ẹfọ̀n. Kò tiẹ̀ rántí dìde mọ́.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ìlú yìí mà dùn o. Apààyàn tí wọ́n ní ó wà níbí dà?"

Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ọwọ́ ta ló wà lọ́rùn ẹ látàárọ̀?"

Ha! Ọdẹ́níran fò dìde, ẹ̀yìn orí ẹ̀ ń lù gbì gbì gbì. Ó gbé ìbọn.

"Yìn ín," ni ọ̀gbẹ́ni náà wí. "Ibo lo fẹ́ yìn ín sí? Inú iṣan ẹ ni mo wà. Èmi ni Ẹ̀jẹ̀-Ríru. Dáhùn ìbéèrè mi, kí n jẹ́ kó o lọ. Ẹran kan wà tí kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kò ní òórùn, kì í dún. Báwo lọdẹ ṣe ń mú un?"

Ọdẹ́níran rò ó, rò ó. Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó ní, "Ẹran tí kì í fi ẹsẹ̀ hàn, ọdẹ kì í dúró de ẹsẹ̀ ẹ̀. Á bi àwọn tó ti rí i rí ibi tó ti ń mumi. Á lọ máa ṣọ́ ibẹ̀, ó rí i o, kò rí i o, kò ní yéé ṣọ́ ọ."

Ọwọ́ Ẹ̀jẹ̀-Ríru já kúrò lọ́rùn ẹ̀. "O gbà á, ọdẹ. Àmọ́ ta lo bi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Jẹ́ kí n sọ fún ẹ, nígbà tí ilé ẹ ò sọ. Mo pa bàbá bàbá ẹ. Mo pa bàbá ẹ. Mo pa ẹ̀gbọ́n ẹ. Mo wà nínú ìdílé yín, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó mi jẹ. Iyọ̀ àjẹjù, ọtí, tábà, ikùn tó yọ, ìjókòó ṣáá, ìwọ̀nyẹn ló ń bọ́ mi. Mi kì í sì í kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láoyè tórí ń fọ́ yẹn, orí ẹ̀ bá a ṣe é ni. Nọ́ọ̀sì kan ti rí mi lára bàbá ẹ rí. Ó so aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó rí mi. Ó fún un lóògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù. Bàbá ẹ délé, wọ́n ní àna ń bọ̀. Ó da oògùn sí ṣáláńgá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ìyàwó ẹ̀ kékeré nìkan ló mọ̀, ó sì mú un búra. Obìnrin yẹn ò lè sọ̀rọ̀, kò lóògùn, ohun kan ṣoṣo tó kù tó fi lè bá mi jà ni ọbẹ̀. Ó sì bá mi jà dáadáa. Ẹ̀yin wá pè é lájẹ̀ẹ́."

Omi bọ́ lójú Ọdẹ́níran, àmọ́ kò nu ún. "Báwo ni mo ṣe máa pa ẹ́?"

"O ò lè pa mí. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá ń pe orúkọ mi síta, tí wọ́n ń wọ̀n mí lóòrèkóòrè, tí wọ́n ń lo oògùn mi bí ara wọn tiẹ̀ le koko, mo máa ń di ajá tí wọ́n so mọ́ òpó nílé yẹn. Màá gbó, mi ò ní lè bù wọ́n jẹ." Ó wá yíjú sẹ́yìn. "Rọpárọsẹ̀, ọmọ mi! Ó ti tó àkókò ilé Láoyè."

Ọmọ ẹ̀ dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, ó gbé kùmọ̀ léjìká. Ọdẹ́níran dí i lọ́nà. Ọmọkùnrin náà rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kúrò lọ́nà, mi ò kánjú. Tí mo bá dé, ẹnu á wọ́, apá á já, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Dípò kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi àdí pa á lára, wọ́n á máa pe aráyé lẹ́jọ́, wọ́n á ní ká wò ó dọ̀la. Ọ̀la yẹn loúnjẹ mi."

"Mo gbọ́ ẹ," ni Ọdẹ́níran wí. "Ti Láoyè ò ní dọ̀la."

Ó sì bẹ́ sí eré. Ó ju ìbọn nù, ó ju àpò nù. Igi ń nawọ́ mú un, ó ń já wọn. Oníbodè ní, "Ọdẹ, o ti mọ orúkọ ẹ̀?" Ọdẹ́níran fò ó kọjá bí ìgalà. Ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́: ṣàràrà, ṣàràrà, kò yára, kò sì dúró.

Ó já sí ojúde wọn, àwọn àna ti jókòó. Láoyè wà lórí àga, ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn orí. Bàbá Oyèkàn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́: "Ẹ̀yin àna wa, ilé tẹ́ ẹ wá yìí, ilé tó mọ́ ni. Kò sí àrùn kankan—"

"Ó wà!" ni Ọdẹ́níran kígbe.

Gbogbo ojúde yíjú sí i. Ẹ ò bá rí i, ewé wà lórí, ẹrẹ̀ wà lójú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀jẹ̀-Ríru ló ń pa wá. Ó pa bàbá wa, ó pa bàbá tó bí wọn, ó pa ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti wà lára Láoyè tó jókòó yìí. Ìyá Èrúwà ò pa ẹnikẹ́ni!"

"Ọdẹ́níran, ṣé orí ẹ pé?" ni Bàbá Oyèkàn wí. "Níwájú àna?"

"Bàbá, torí àna la ṣe ń fi í pa mọ́ látọjọ́ yìí, sàréè la sì ń gbẹ́."

Láoyè dìde, ojú ẹ̀ pọ́n. "Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi gbó sílé?"

"Mo fẹ́ kó o wà láyé kó o lè fà á fọ́kọ ni!"

Bàbá Oyèkàn bi Ìyá Èrúwà bóyá òótọ́ ni. Obìnrin náà ti gbé ẹrù rù. Ó ní, "Ẹni tó mú mi búra ti lọ. Nísinsìnyí tí ẹlòmíì ti sọ ọ́, òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi se ọbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ẹ kàn ń tọ́ ọ wò, ẹ ń fojú burúkú wò mí." Bàbá Oyèkàn wo ilẹ̀.

Àwọn àna dìde. Àgbà wọn ní, "A ti gbọ́. A máa padà wá." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Láoyè fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn, kó lọ bẹ̀ wọ́n. Ìbíwùmí ló dì í lápá mú, tòun ti aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un.

"Bàbá mi, ẹ jókòó. Ọkọ lè wá, ọkọ lè má wá. Bàbá kan ni mo ní. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

"Ìbíwùmí, ó máa dọ̀la—"

"Kò ní dọ̀la!" Òun àti Ọdẹ́níran ló jọ sọ ọ́.

Láoyè wo ọmọ ẹ̀. Ó wo Ìyá Èrúwà tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹrù lórí. Inú ṣì ń bí i, àmọ́ ó ní, "Ìyá mi, ibo lẹ ń lọ? Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n máa jẹ ọbẹ̀ yín, ta lẹ fẹ́ kó máa sè é fún mi?" Wọ́n pe ọlọ́kadà. Ọdẹ́níran jókòó sẹ́yìn, ó di àbúrò ẹ̀ mú gbágbágbá. Wọn ò tíì yà ní ìkóríta tán tí Rọpárọsẹ̀ fi wọ́ dé ojúde, ó bá àga Láoyè lófìfo.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì so aṣọ mọ́ Láoyè lápá, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó wò ó. Ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá lónìí," ohùn ẹ̀ ò sì dùn ún gbọ́. Ó pe dókítà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ lọ sílé títí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ìgbà tó wá wálẹ̀ díẹ̀, tí orí ẹ̀ fúyẹ́, nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹnì kan ti ní irú ẹ̀ rí nínú ẹbí yín?"

Láoyè yíjú sí ògiri. Bàbá ẹ̀ ti dákẹ́ níbi ìbéèrè yìí rí, bàbá bàbá ẹ̀ náà dákẹ́. Ọdẹ́níran fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ju oúnjẹ lọ, àmọ́ ó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, ó ń dúró. Láoyè padà yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Bàbá mi," ló wí. "Bàbá tó bí wọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó dàgbà jù. Ó sì dáa kẹ́ ẹ so aṣọ yẹn mọ́ bọ̀ọ̀dá mi tó jókòó yìí náà lápá. Òun náà, ọmọ ilé wa ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí báyìí, kí ló pa bàbá yín àgbà? Ẹ má wò mí. Ilé ni kẹ́ ẹ ti lọ bèèrè.